Tírákítọ̀ wa ń yí àmọ́ kò sítáàtì: ṣé ká tú ẹ́ńjìn ẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn la dáwó jọ ra tírákítọ̀ Massey Ferguson (MF) 375 tòkunbọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di oṣù kọkànlá tá a gbé e sábẹ́ igi. Òjò ti wá bẹ̀rẹ̀ báyìí, a fẹ́ túlẹ̀, kò sítáàtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "kẹ" péré ló ń ṣe tá a bá yí kọ́kọ́rọ́, la bá ra bátìrì tuntun, ó wá ń yí báyìí àmọ́ kò mú. Wọ́n da bẹntiróòlù sẹ́nu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ó bú gbàù lẹ́ẹ̀kan, ó tún kú. A ti fi tírákítọ̀ míì wọ́ ọ, kò gbọ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ríìngì ẹ̀ ti jẹ, ká mówó wá ká tú ẹ́ńjìn. Ẹnì kejì ní fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń bínú, ọmọkùnrin tó ń wà á sì ti ń wọ abẹ́ ẹ̀ lọ fi sukudiráfà sítáàtì ẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú o. Mo mọ bó ṣe ma ń rí ní Òkè-Ògùn tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí gbogbo èèyàn ń wá tírákítọ̀ kiri, tí tiyín wá jókòó sábẹ́ igi tí kò dá yín lóhùn. Owó àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, mẹkáníìkì méjì sì ti sọ ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra, ẹ ò wá mọ èyí tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́. Ohun tí mo rò ni pé kẹ́ ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìn yẹn, kẹ́ ẹ má sì tíì jẹ́ kí wọ́n yọ pọ́ǹpù ẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, tí kò ní ná yín ju gálọ́ọ̀nù dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ kan, fílítà tuntun àti àárọ̀ ọjọ́ kan lọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa parí ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín á ti mọ èwo nínú àwọn mẹkáníìkì méjèèjì yẹn ló súnmọ́ òótọ́, tàbí pé kò séyìí tó súnmọ́ ọn nínú wọn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ sukudiráfà yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, ẹ jọ̀ọ́, òní yìí ni kẹ́ ẹ dá a dúró. Lórí irú tírákítọ̀ yín, iná tó ń lọ sí kísítátà kì í ṣàdédé débẹ̀, ó gba ara súwíìṣì kékeré kan kọjá, súwíìṣì yẹn kì í gbà kí ẹ́ńjìn yí àfi tí lẹ́fà tí ẹ fi ń yan hái àti lóò bá wà ní nútírà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí tírákítọ̀ má bàa sítáàtì nínú jíà. Tí ọmọ yẹn bá wá fi sukudiráfà so orí kísítátà méjèèjì pọ̀, ó ti fo súwíìṣì yẹn kọjá nìyẹn, tí jíà bá wà nínú ẹ̀, bí ẹ́ńjìn bá ṣe mú báyìí ni tírákítọ̀ á gbéra, ibi tó sì dúró sí láti fi ṣe é, iwájú táyà ẹ̀yìn ńlá yẹn gan-an ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá a lọ káàkiri ayé, àti àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ẹ tún wò ó báyìí: ọjọ́ tá a bá yanjú ohun tó ń ṣe é ni ewu ẹ̀ máa pọ̀ jù, torí ẹ́ńjìn tó ti ń kọ̀ látọjọ́ yìí á kàn mú lójijì. Ẹni tó bá fẹ́ sítáàtì ẹ̀, kó gun orí ìjókòó, kó fa búréèkì ọwọ́, kó wo jíà kó rí i pé ó wà ní nútírà, kó tó yí kọ́kọ́rọ́. Tí kọ́kọ́rọ́ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pe ríwáyà kó wá wo wáyà súwíìṣì yẹn, iṣẹ́ kékeré ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ronú sí i. Ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ lóṣù kọkànlá. Ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó wà lára pisítìn nínú ẹ́ńjìn, kì í jẹ nígbà tí ẹ́ńjìn bá dúró. Iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́, eruku tó gba inú fílítà afẹ́fẹ́ tó ti ya wọlé ló ń jẹ ẹ́, ọ́ìlì dúdú tí wọn ò pààrọ̀ ló ń jẹ ẹ́, ó sì ma ń fara hàn tipẹ́tipẹ́ kó tó di pé ẹ́ńjìn kọ̀ láti mú: á ti máa mu ọ́ìlì, èéfín ẹ̀ á ti máa jọ búlúù, agbára ẹ̀ á ti dín lórí oko, ẹ óò máa rí èéfín tó ń tú jáde níbi tí ẹ ti ń rọ ọ́ìlì sí i. Ẹ ò sọ ìkankan nínú èyí fún mi. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, láti oṣù kọkànlá tó ti dúró yìí, tí ọyẹ́ fẹ́ kọjá, tí oòrùn pa á, kí ló lè yí padà lára tírákítọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn? Iná bátìrì á tán, ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín rí i. Omi á wọ inú epo. Rọ́bà epo á gbẹ, á sán. Wáyà tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìn á dípẹtà mọ́ ibì kan. Eku àti agbọ́n á wá ibi kọ́lé sí. Inú àwọn nǹkan yìí ni mo ti máa kọ́kọ́ wá a kí n tó dárúkọ ríìngì rárá.

Ẹ tún mọ̀ pé "kò sítáàtì" tí gbogbo wa ń sọ yẹn, oríṣi mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Èyí tí kò yí rárá, tó kàn ń ṣe "kẹ," ọ̀rọ̀ iná nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó ń yí dáadáa àmọ́ tí kò mú, ọ̀rọ̀ epo ni, tàbí afẹ́fẹ́, tàbí kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ́ńjìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú. Èyí tó mú tó tún kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, epo ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan míì. Tiyín bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́, ó wá bọ́ sí ìkejì nígbà tẹ́ ẹ ra bátìrì, ìyẹn ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ wà, torí ìṣòro méjì ló wọ inú ara wọn.

Lórí bátìrì yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé tuntun ni. Bátìrì tuntun tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù lè má ní iná tó pé. Tí ríwáyà bá gbé mítà lé e nígbà tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan, ó yẹ kó fi nǹkan bíi fólítì 12.6 hàn, tó bá jẹ́ 12.0 ló fi hàn, iná ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ gbé e lọ fi ṣáàjì. Tí wọ́n bá wá ń yí ẹ́ńjìn, kó má lọ sísàlẹ̀ 9.6. Bátìrì ọkọ̀ kékeré kì í sábà lágbára tó fún ẹ́ńjìn Perkins onísílíńdà mẹ́rin tó wà nínú MF 375, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, tó bá jẹ́ 60Ah ló wà níbẹ̀, wọ́n tà yín ní bátìrì káà nìyẹn, ó yẹ kó tó 100 tàbí kó lé. Lẹ́yìn náà ẹ tú orí wáyà méjèèjì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí sáńpépà ha gbogbo funfun àti aláwọ̀ ewé tó wà lára ẹ̀ títí á fi máa dán. Ẹ tọ wáyà dúdú, ìyẹn ti ẹ́ẹ̀tì, dé ibi tí wọ́n dè é mọ́ lára irin, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ríwáyà kì í dé. Tírákítọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n tún kùn kí wọ́n tó tà á, wọ́n ma ń kùn ún mọ́ abẹ́ bóòtù ẹ́ẹ̀tì yẹn, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì tó ń yí lọ́ra, tó ń ṣe "wùú... wùú... wùú," kò lè mú láéláé, kódà kí gbogbo nǹkan yòókù pé, ojú á kàn rí i pé ó ń yí.

Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti ọkọ̀ bẹntiróòlù. Pisítìn ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ohun tó gba ààyè 16 tẹ́lẹ̀ á wá gba ààyè 1 péré, afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná gan-an, nọ́súlù á wá tu epo sí i bí ìrì, epo á gbiná fúnra ẹ̀. Tó bá ń yí lọ́ra, afẹ́fẹ́ á jò lọ, ooru á sì ti tutù sára irin kí epo tó dé. Nǹkan mẹ́ta náà ló ń wá: kó yí kíá, kí epo mímọ́ dé ẹnu nọ́súlù, kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì há sínú. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, á mú.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n dà sí i yìí ló ń dùn mí jù nínú lẹ́tà yín, torí mo rò pé òun ló ṣi mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lọ́nà. Bẹntiróòlù ma ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ọ́ìlì tó wà láàárín ríìngì àti sílíńdà yẹn wà lára ohun tó ń dí i pa kí afẹ́fẹ́ má jò. Tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ dànù, kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n á wálẹ̀, ẹ́ńjìn á máa yí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹni tó bá wá gbọ́ ìró yẹn á ní ríìngì ti lọ. Ó lè má parọ́ o, ohun tó gbọ́ ló sọ, àmọ́ bẹntiróòlù ló gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbàù tó dún yẹn, ó lè fọ́ pisítìn, ó sì lè jó èèyàn lójú. Bákan náà ni sípíréè tí wọ́n ń fín sí i kó lè mú, tí wọ́n bá fín in sí ẹ́ńjìn tó ní púlọ́ọ̀gì tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná lẹ́nu ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ sí, tí ẹnì kan sì tan púlọ́ọ̀gì yẹn, ó lè bú nídìí ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún dán an wò. Wíwọ́ tí ẹ wọ́ ọ náà, kò lè ràn yín lọ́wọ́ tí epo ò bá dé nọ́súlù, tí omi tàbí epo bá sì ti kún inú sílíńdà kan, wíwọ́ lè tẹ kọ́ńrọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó ń ti pisítìn lọ sókè sódò, ìgbà yẹn ni títú ẹ́ńjìn á wá di dandan.

Ó dáa, ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fa wáyà láti fi pa á. Ẹ ti nóòbù ẹ̀ wọlé tán pátápátá, kí ẹnì kan wá wo ẹ̀gbẹ́ fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù, èyí tó ń fi epo ránṣẹ́ sí nọ́súlù, níbi tí wáyà yẹn parí sí, ṣé lẹ́fà kékeré tó wà níbẹ̀ ń padà síbi iṣẹ́ ẹ̀? Tí ẹ bá pa tírákítọ̀ lóṣù kọkànlá, tí wáyà wá dípẹtà sínú rọ́bà ẹ̀, nóòbù lè wọlé kí lẹ́fà má kúrò lójú ibi tí wọ́n fi pa á, pọ́ǹpù ò ní fi epo ránṣẹ́ rárá, ẹ lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni tiyín fi ń kú, iná ló ń ṣí epo, ẹ jẹ́ kí ríwáyà wò bóyá iná ń dé sólénọ́ọ̀dì tó wà lára pọ́ǹpù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé pọ́ǹpù lọ sílé àwọn tó ń ṣe kalibréṣọ̀n, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ pọ́ǹpù wò tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ní Ìbàdàn, tí wọ́n gbowó tí wọ́n sì dá a padà, tó jẹ́ pé wáyà yìí ló há.

Ẹ wá wo èéfín nígbà tó bá ń yí. Ẹ jẹ́ kó yí bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kísítátà sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú, torí á jóná tẹ́ ẹ bá mú un láìsinmi. Tí kò bá sí èéfín kankan lẹ́nu sàlẹ́ńsà, epo ò dé. Tí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé àmọ́ kò gbiná, ó lè jẹ́ omi nínú epo, ó lè jẹ́ pé ó ń yí lọ́ra, ó sì lè jẹ́ kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n. Tó bá jẹ́ dúdú, afẹ́fẹ́ ò wọlé tó, ẹ tú fílítà afẹ́fẹ́, ẹ wo inú páìpù ẹ̀ bóyá eku ti kó koríko síbẹ̀. Ìbéèrè èéfín yìí ló yẹ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ bi yín, tí kò bá bi yín kó tó dá owó lé yín, ẹ rọra ṣe.

Tí kò bá sí èéfín, bó ṣe ń ṣe mí pé tiyín máa rí nìyẹn, ẹ bọ́ sórí epo. Ẹ ṣí ìdérí táńkì kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀. Táńkì tó dúró ní ìdajì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òru tutù ọ̀sán gbóná, ìrì ma ń dì sára irin inú ẹ̀ lókè, á máa kán sílẹ̀, omi sì wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà, ibi tí páìpù ti ń fà gan-an. Tí ẹ bá tún ra epo inú dúrọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí títì, á burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tú epo ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò tó mọ́, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi wákàtí kan, tí ẹ bá rí ìlà láàárín ẹ̀ tàbí nǹkan dúdú tó ń yọ̀ nísàlẹ̀, ẹ fa gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ fọ táńkì. Ẹ má da èyí tó dọ̀tí yẹn padà sí i nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Pọ́ǹpù wọ́n ju gbogbo ẹ̀ lọ, omi ló sì ń bà á jẹ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ràn láti ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí tú nǹkan káàkiri, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ wá gálọ́ọ̀nù kékeré tó mọ́, ẹ rọ dísẹ́ẹ̀lì tuntun láti filin stéṣọ̀n gidi sí i, ẹ so ó rọ̀ sókè ju ẹ́ńjìn lọ, ẹ fi họ́ọ̀sì tó mọ́ tí èèyàn ń rí inú ẹ̀ gbé epo yẹn lọ tààrà sẹ́nu ibi tó ń wọ fílítà. Ẹ ti yọ táńkì, páìpù àti pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ dànù bí mo ṣe máa sọ fún yín báyìí, kẹ́ ẹ wá sítáàtì. Tó bá mú tó sì ń lọ geere, ríìngì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù náà ò mọ̀ ọ́n, inú táńkì, rọ́bà epo tàbí pọ́ǹpù kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ gbé gbogbo owó yín dání kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rọ́bà epo tuntun. Rọ́bà tó wà láàárín táńkì àti pọ́ǹpù kékeré yẹn kò ní jò kẹ́ ẹ rí i o, torí fífà ni wọ́n ń fa epo inú ẹ̀, tó bá sán, afẹ́fẹ́ ló ma ń fà wọlé, ilẹ̀ á gbẹ, ojú á ní kò sí nǹkan kan.

Títú afẹ́fẹ́ dànù, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní blíìdì, sùúrù ló gbà. Ẹ pààrọ̀ fílítà epo, ẹ ra ojúlówó, ní Arárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, ẹ lè rí i, àmọ́ ẹ mú ti tẹ́lẹ̀ dání lọ kẹ́ ẹ fi wọ́n wé ara wọn, torí ayédèrú pọ̀. Ẹ tú bóòtù kékeré tó wà lórí ilé fílítà díẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ gbá lẹ́fà kékeré ara pọ́ǹpù tó ń fa epo (tó bá jẹ́ látinú gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ so rọ̀ ni epo ti ń wá, ẹ ò ní gbá a, epo á ṣàn wá fúnra ẹ̀). Tí lẹ́fà yẹn bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsí agbára kankan, kò tíì bàjẹ́ dandan, ó lè jẹ́ pé ibi tí ẹ́ńjìn dúró sí ló gbé e sókè, ẹ yí ẹ́ńjìn díẹ̀ kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Epo tó ń hó á máa jáde, ẹ máa bá a lọ títí epo tí kò ní ìhó mọ́ á fi jáde, kẹ́ ẹ wá dè é. Ẹ lọ sára fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù, bóòtù kékeré méjì ló wà níbẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ọ̀kan lára ẹ̀, ọ̀kan lókè, ẹ ṣe wọ́n bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù méjì lẹ́nu nọ́súlù, kí wọ́n má jábọ́, ẹ tẹ ẹsẹ̀ sórí sípíìdì tán, ẹ rí i pé nóòbù pípa wọlé, kẹ́ ẹ yí i títí epo á fi máa tu jáde níbẹ̀, kẹ́ ẹ dè wọ́n, kẹ́ ẹ wá sítáàtì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tàbí ojú súnmọ́ ibi tí epo ń tu jáde, agbára epo tó ń ti ẹnu nọ́súlù jáde lè gún awọ ara wọlé, tó bá sì ṣẹlẹ̀, họ́sípítù lojú ẹsẹ̀ ni, bí ojú ibẹ̀ tilẹ̀ rí kékeré.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kejì ti wọlé. Tí epo mímọ́ bá ń jáde dáadáa lára fílítà, tí lẹ́fà pípa wà níbi iṣẹ́, tí ẹ ti blíìdì tán, tí epo ò sì tu jáde lẹ́nu nọ́súlù kankan bó ṣe ń yí kíá, fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù ni. Omi tó dúró sínú ẹ̀ láti oṣù kọkànlá lè jẹ́ kí àwọn irin kéékèèké inú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ iṣẹ́ abẹ́ igi, àwọn tó ní ẹ̀rọ kalibréṣọ̀n ló máa ṣe é, ẹni tó bá sì yọ ọ́ gbọ́dọ̀ sàmì sí bó ṣe wà kó tó tú u, torí tí wọ́n bá dá a padà tí àmì ò bára mu, epo á máa dé nígbà tí kò yẹ, ìṣòro tuntun nìyẹn. Tí epo bá ń tu jáde dáadáa níbi gbogbo tí kò sì mú, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti wo kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n.

Kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n náà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni, wọn kì í fi etí gbọ́ ọ. Géèjì wà fún un, wọ́n á yọ nọ́súlù, wọ́n á dè é síbẹ̀. Ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì tí ara ẹ̀ le ma ń kọjá 300 psi lórí géèjì yẹn, ohun tó sì ṣe kókó ni kí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra. Nítorí bẹntiróòlù tẹ́ ẹ ti dà sí i, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìn bíi ṣíbí kékeré kan síhò nọ́súlù kọ̀ọ̀kan, kó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yí i pẹ̀lú nọ́súlù níta kí èyí tó bá pọ̀ jù tu dànù, kí wọ́n tó de géèjì síbẹ̀. Ẹ tún fa ìwọ̀n ọ́ìlì jáde kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ti ga ju ibi tẹ́ ẹ fi í sí lọ tó sì ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà inú pọ́ǹpù kékeré yẹn ti ya, kí epo sì ti máa wọ inú ọ́ìlì, ẹ má yí ẹ́ńjìn yẹn mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ méjèèjì. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ìyẹn náà ò ṣeé fojú fò.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ jàre? Ó ṣeé ṣe. Tòkunbọ̀ ni, ẹ ò mọ iye ọdún tó ti ṣiṣẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ́ńjìn tó ti rẹ̀ lè máa gbìyànjú nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kó wá kọ̀ lẹ́yìn tó bá sinmi. Ẹ bi ọmọ tó ń wà á pé, nígbà tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ma ń mú láàárọ̀ àbí wọ́n ma ń yí i léraléra, àti pé ọ́ìlì mélòó ni wọ́n ń rọ kún un lọ́sẹ̀. Òun ló mọ̀, kì í ṣe èmi, èmi ò sí níbẹ̀, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀, mi ò rí èéfín ẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè dúró síbi tí mo wà kí n búra pé báyìí ni. Ohun tó dá mi lójú ni pé tí géèjì ò bá tíì sọ ọ́, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kẹ́ ẹ náwó àwọn àgbẹ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀. Tí géèjì bá wá sọ pé sílíńdà ti lọ lóòótọ́, ẹ tú u, àmọ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan dáadáa pẹ̀lú ojúlówó ẹrù, ẹ má ṣe àbọ̀ ẹ̀ nítorí òjò, ẹ háyà tírákítọ̀ míì túlẹ̀ ọdún yìí. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ àgbàdo tí ẹ bá gbìn sí àkókò ló máa san gbèsè ẹ́ńjìn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lóṣù kọkànlá tó ń bọ̀ ló kàn, torí ẹ ò ní fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ẹ rọ epo kún táńkì dẹ́nu kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀, kò ní sí ààyè tí ìrì máa dì sí. Ẹ tú wáyà bátìrì, ẹ gbé bátìrì wọlé. Ẹ dé ẹnu sàlẹ́ńsà pẹ̀lú agolo. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ọmọ yẹn de bátìrì padà, kó sítáàtì ẹ̀, kó jẹ́ kó gbóná dáadáa, kó wà á díẹ̀, kó tó pa á. Ìdérí táńkì náà ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, agbọ́n ma ń fi amọ̀ dí i. Tí tírákítọ̀ bá mú tó sì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ tú ìdérí yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì àti wáyà pípa lọ́la, kẹ́ ẹ bọ́ sórí gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ máa so rọ̀. Tí kò bá sì mú lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà: iye tí mítà sọ nígbà tó ń yí, àwọ̀ èéfín tó jáde tàbí pé kò sí, iye nọ́súlù tí epo tu jáde lẹ́nu ẹ̀, àti bí ọ́ìlì ṣe ń rùn. Tí mo bá ti rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, mo lè sọ ibi tó kù fún yín, àti irú ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ pè.